Eegun Àrìnpé àti Eku Ìlú Awòfín

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè, kó tètè lọ ṣe é, nítorí bí mo bá ti la ẹnu báyìí, n kì í dákẹ́ nítorí ẹnìkan. Ẹni tó bá sì fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó ní sùúrù kí n sọ ọ́ tán, kó wá pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má máa já a gbà mọ́ mi lẹ́nu. Èmi Ọdẹ́yínká, ọmọ Ọdẹ́sànmí, tí mo pa ẹfọ̀n nígbà tí baba àwọn kan níbí ṣì ń dẹ pàkúté fún ẹmọ́! Mo ti bá iwin jẹ ẹ̀wà nínú àwo kan, mo ti rí ẹbọra tó ń fi etí rẹ̀ bora sùn, ojú mi ò rú rí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, títí di bí mo ṣe jókòó yìí, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ohun tí mo rí. Bó bá yé yín ju bó ṣe yé mi lọ, ẹ máa là mí lóye nígbà tó bá parí.

Ọ̀rọ̀ Àrìnpé ìyàwó mi ló gbé mi kúrò nílé. Gbogbo yín lẹ mọ Àrìnpé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ, bí mo bá pa ìgalà, òun ló máa ń rù ú wálé, á tún máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà pé ẹran tí mo pa kò wúwo tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, tí ọdún sì ń gorí ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. A ní àgbà ló dé. Ó di ọjọ́ kan, ó wúkọ́, kì í ṣe ikọ́ líle o, ata lásán ló ta sí i lọ́fun, ni eegun ìhà rẹ̀ bá sán. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ ti ilẹ̀ kó lè dìde lórí ẹní, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Mo ti rí eegun tí ìjà ṣẹ́, mo ti rí èyí tí igi wó lù, n kò rí eegun tí ikọ́ ṣẹ́ rí. Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ fún yín láìtijú.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀jẹ́lékè tó ń to eegun. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bó ṣe to ọwọ́ Àrìnpé tán, tó fi ewé àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, ó mú adìyẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ó sì fi ewé kan náà dì í. Ọjọ́ tí adìyẹ bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó rìn, a jẹ́ pé ọwọ́ aláìsàn ti jinná nìyẹn, wọ́n á tú u. Adìyẹ yìí rìn. Kí ni mò ń sọ, ó rìn, ó fò lórí ògiri, ó lọ jẹ àgbàdo tí aládùúgbò sá sóòrùn. Inú wa dùn, a tú ọwọ́ Àrìnpé, ọwọ́ náà ṣì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí a gbé e dé. Wọ́n tún un dì, wọ́n ṣẹ́ adìyẹ mìíràn. Adìyẹ yẹn náà rìn. Mo bínú, mo ní kí wọ́n gbé adìyẹ náà fún mi kí n pa á. Ọ̀jẹ́lékè ní kí n fi í sílẹ̀, pé adìyẹ kò ṣẹ̀ mí.

Ó wá là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní eegun tó bá ṣẹ́ lòun lè tò, ṣùgbọ́n eegun Àrìnpé ń jò dànù láti inú ara rẹ̀ ni, òun kò sì mọ ewé kankan fún ìyẹn. Ó ní adìyẹ tó ń yé ẹyin lọ́wọ́ kò lè jẹ́rìí fún obìnrin tó ti kúrò lọ́jọ́ orí ìbímọ. Ó ní baba òun máa ń sọ̀rọ̀ ìlú kan tó wà lẹ́yìn Igbó Àìdánilójú, ìlú àwọn iwin aláṣọ funfun, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn eku tí a ti sọ ara wọn di irú ara Àrìnpé gan-an. Bí ẹ̀rí bá wà níbì kan, ibẹ̀ ló wà. Àrìnpé ní kí n má lọ. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo lọ.

Bí mo ṣe rìn débẹ̀ kò kàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà, kó lọ ra ìbọn tirẹ̀. Ohun tó kàn yín ni pé nínú igbó náà, igi tí mo rí lápá ọ̀tún ni mo tún ń rí lápá òsì, ẹyẹ tó ń ké níwájú mi ni mo tún ń gbọ́ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ti dínà mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ọ̀rábọ̀lọ̀jọ̀. Ọ̀rá ni láti òkè délẹ̀, kò ní eegun kankan, ṣe ló ń ṣàn bọ̀ bí epo tó dànù. Àbúrò ń jẹ́ Eegungbẹ. Eegun lásán ni, kò lẹ́ran lára, gbogbo oríkèé rẹ̀ sì ń dún bó ṣe ń mí.

Mo yìnbọn fún ẹ̀gbọ́n, ọta wọ inú ọ̀rá lọ, ó ń léfòó níbẹ̀, mò ń wò ó. Mo fi àdá ṣá àbúrò, ẹnu àdá mi ká. Ẹ̀gbọ́n wá ṣàn bò mí dé àyà, àbúrò ń fi eegun itan rẹ̀ lù mí lórí. Bí kì í bá ṣe èmi ni, ẹlòmíràn ì bá ti kú. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn máa pa àlọ́ fún mi, bí n kò bá sì mọ̀ ọ́n, inú ọ̀rá ni wọ́n máa sin mí sí. Ọ̀rábọ̀lọ̀jọ̀ ló pa á.

“Àlejò kan wọ ilé wa,” ni ó wí. “Èmi ló wá lé, ó sì lé mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lé mi lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri àbúrò mi. Ṣé ó tún ògiri náà mọ ni, àbí kò ṣe nǹkan kan fún un?”

Mo ní ó tún un mọ. Eegungbẹ gbá mi létí, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní kò ṣe nǹkan kan fún un nìyẹn. Ọ̀rábọ̀lọ̀jọ̀ ga dé ọrùn mi, ó ní ṣé mo wà níbẹ̀ ni. Inú bí mi, mo pariwo pé n kò mọ̀, n kò mọ̀, kí wọ́n pa mí bí wọ́n bá fẹ́ pa mí. Ni ẹ̀gbọ́n bá fà sẹ́yìn, ni àbúrò bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀. Láti ìgbà tí àlejò náà ti dé ni wọ́n ti ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá, irọ́ ni kálukú sì ń pa fún wọn. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ohun tí èmi Ọdẹ́yínká fi la igbó yẹn kọjá kì í ṣe agbára, kì í ṣe oògùn, àìmọ̀kan ni. Ó dùn mí díẹ̀.

Mo dé ẹnu odi ìlú, iwin kan jókòó síbẹ̀, ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ó wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá. Ó béèrè ohun tí mo mọ̀. Ẹ mọ̀ pé wọ́n bi ẹni tó yẹ. Mo ní mo mọ ẹran í pa, pé mo fi ìbọn pa ẹfọ̀n. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ìbọn mi ló pa á. Mo ní mo yìn ín, ó ṣubú, ó kú. Ó ní bóyá àìsàn ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Ó ní ẹfọ̀n mìíràn tí n kò yìnbọn fún ńkọ́, ṣé mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà láti rí i pé kò kú? Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì lórí ẹfọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi kun, tí mo jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Iwin náà gba ìbọn mi, ó fi omi tó ń rùn bí ọtí wẹ̀ mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì jẹ́ kí n wọlé.

Ìlú náà mọ́ tónítóní débi pé mò ń tijú ẹsẹ̀ ara mi. Ẹnìkan kì í kí ẹnìkan kú àárọ̀ níbẹ̀. Bí méjì nínú wọn bá pàdé, ọ̀kan á béèrè bóyá ó dá èkejì lójú, èkejì á ní kò tíì dá òun lójú tó, wọ́n á sì kọjá lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bú ara wọn ni. Olórí wọn, obìnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Awòfín, ló gbà mí lálejò. Ó gbé dígí sójú, ó tún gbé òmíràn lé e, bó bá sì ń wò mí, ó ń ṣe mí bíi pé ó ń ka irun ara mi.

Mo ro ẹjọ́ Àrìnpé fún un. Ó ní òun ní oògùn kan, ṣùgbọ́n kí n má tíì dúpẹ́. Oògùn náà kì í ṣe ti eegun. Ti ọ̀rá ni, wọ́n ṣe é kó máa fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ọ̀rá ń dí iṣan wọn. Ìyẹn dá gbogbo wọn lójú. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe fún eku jẹ, tó wo eegun eku náà, tó ní ó jọ pé ó ń ki sí i. Ariwo ta. Àdúgbò òkè dán an wò, wọ́n ní òótọ́ ni, eegun ń le. Àdúgbò odò dán an wò, wọ́n ní irọ́ ni, eegun ń jò bó ṣe ń jò tẹ́lẹ̀. Àdúgbò àárín ní ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó di ìgbà tí a bá fún eku ní èyí tó pọ̀ débi pé èèyàn ò lè gbé irú rẹ̀ mì. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti jẹun pọ̀ mọ́.

Mo ní èwo ni kí n wá gbà níbẹ̀. Ó ní ìbéèrè tí òun náà ń bi ara òun nìyẹn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó mú mi lọ wo ilé méjì tí òun fi fẹ́ parí ìjà náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Eku funfun báláú ló kún inú àgò wọn, abo ni gbogbo wọn, ìran kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Wọ́n ti yọ ohun tí abo fi ń bímọ kúrò nínú gbogbo wọn, kí ara wọn lè dà bí ara obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Eegun gbogbo wọn ló sì ń jò. Ilé ọ̀tún ń jẹ oògùn náà nínú oúnjẹ, wọ́n gé etí ọ̀tún wọn díẹ̀ fún àmì. Ilé òsì ń jẹ oúnjẹ lásán, etí òsì ni wọ́n gé tiwọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tó ya ilé kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn, itọ́ kún mi lẹ́nu, nítorí eku tó sanra báyẹn ṣọ̀wọ́n nínú igbó wa.

Awòfín ní, “Máa bá mi bọ́ wọn títí di ọjọ́ ìwọ̀n. Bí eegun ilé ọ̀tún bá le ju ti ilé òsì lọ, n óò fún ọ ní oògùn náà, wàá sì mọ ohun tí o gbé lọ fún ìyàwó rẹ. Bí kò bá le jù ú lọ, wàá mọ̀ pé kí o wá nǹkan mìíràn lọ.”

Iṣẹ́ yìí rọrùn. Èmi tí mo ti bọ́ ajá ọdẹ, eku ni n kò ní lè bọ́? Mò ń po oúnjẹ ilé ọ̀tún nínú ìkòkò kan, mò ń po ti ilé òsì nínú òmíràn. Nínú ilé òsì ni abo eku kan wà, mò ń pè é ní Ìyá Agétí. Òun nìkan ló máa ń kí mi kú iṣẹ́. Ó máa ń béèrè Àrìnpé lọ́wọ́ mi, bó ṣe rí, ohun tó fẹ́ràn láti máa jẹ, bóyá ó ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ wa wá wọ̀. Ó wá di àárọ̀ kan, mo rí i tó fẹ́ dìde nínú koríko rẹ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó ń bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀. Bí Àrìnpé ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. Ìkòkò oògùn wà lọ́wọ́ mi, mò ń gbé e kọjá lójú rẹ̀ lọ sí ilé kejì.

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ bá mi sọ ọ́. Nínú agọ́ wa, ìkòkò kan là ń gbé kaná. Ẹni tó pa ẹran àti ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò dún, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń bọwọ́ sí, nítorí lọ́jọ́ tí ejò bá ṣán ọdẹ tó ń dá jẹun, ta ni yóò gbé e délé? Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Inú àṣà yìí ni wọ́n bí mi sí, n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ń gbà jẹun. Mo da ìkòkò méjèèjì pọ̀, mo rò ó, mo pín in dọ́gba fún ilé méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí lẹ́yìn yẹn, kí lẹ̀ bá ṣe? Ẹ̀ bá máa fún ẹnìkan jẹ lójú ẹnìkejì? N kò ṣẹ ẹnikẹ́ni o, mo sì tún lè ṣe é lọ́la.

Kò pẹ́, ó jọ lójú mi pé Ìyá Agétí ń dìde wéré. Àbí kò dìde wéré? Lọ́jọ́ kan mo ní ó ti yá ju tàná lọ, lọ́jọ́ kejì mo rí i tó tún fọwọ́ ti ilẹ̀. Mo wo àwọn ará ilé ọ̀tún, mo ní wọ́n ń le sí i, mo tún wò wọ́n, mo ní wọn kò le sí i. Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń rí, àbí ohun tí mo fẹ́ rí? Èmi tí mo lè rí ojú ẹtu láàárín ewé lókèèrè, eku tó wà níwájú mi kò yé mi mọ́. Gbogbo rẹ̀ rú mi lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìwọ̀n, mo lọ bá Ìyá Agétí, inú mi ń dùn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ohun tí ará ọ̀tún ń jẹ ni òun náà ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo ṣe é fún un. Mò ń retí ọpẹ́. Eku náà jókòó.

“Ọdẹ,” ni ó wí, “kí ni mo ṣe fún ọ? Àwa kì í padà bọ̀ láti ibi ìwọ̀n, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tù mí nínú ni pé bí wọ́n bá gbé eegun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ará ọ̀tún, eegun mi á sọ fún ìyàwó rẹ bóyá kó jẹ oògùn náà tàbí kó má jẹ ẹ́. Nísinsìnyí tí gbogbo wa ti jẹ ẹ́, kí ni eegun mi rí sọ?”

Mo ṣí ilẹ̀kùn àgò, mo ní kó bọ́ sínú àpò mi ká jọ sá lọ. Ó ní bí òun bá sá, kí ni ìyẹn máa ṣe fún Àrìnpé. Ó gba iwájú mi kọjá, ó rìn lọ bá àwọn aláṣọ funfun fúnra rẹ̀, n kò sì tún rí i mọ́. Mo sunkún níbẹ̀. Ẹran tí mo ti pa láyé mi kò lóǹkà, n kò sunkún nítorí ọ̀kan rí.

Wọ́n gbé eegun ilé méjèèjì sórí ìwọ̀n, wọ́n fi iná tó ń ríran inú eegun wò wọ́n. Wọ́n dọ́gba. Kò le bí a ti ń retí, kò rọ̀ bí a ti ń bẹ̀rù. Àdúgbò odò ń yọ̀, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé oògùn náà kò wúlò fún eegun, ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ ti kó àwọn ìgò rẹ̀, ó fẹ́ lọ dà wọ́n sódò. Mo fò dìde, mo ní kí wọ́n dúró, pé ìkòkò kan ni gbogbo wọn ti jẹ. Àdúgbò òkè gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ní a jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn nìyẹn. Àdúgbò àárín ní rárá, nígbà tí mo pín in sí méjì, ó ti kéré jù, kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹnìkankan. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀, mo sì ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ olúkúlùkù ló jọ òótọ́ létí mi.

Awòfín nìkan ni kò pariwo. Ó bọ́ dígí méjèèjì kúrò lójú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kó bú mi kó tó mi. Ó ní òun kò ní bú mi, ó fi ìgò oògùn kan lé mi lọ́wọ́.

“Gbé e lọ,” ni ó wí. “Ó ń fọ ọ̀rá, ìyẹn dá mi lójú. Ní ti eegun, n kò lè sọ fún ọ pé yóò ṣiṣẹ́, n kò sì lè sọ fún ọ pé kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí tí o wá gbà lọ́wọ́ mi, ìwọ fúnra rẹ lo sè é pọ̀.”

Mo gba ìbọn mi lẹ́nu odi, mo forí lé ilé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àrìnpé, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Ìyá Agétí, ó béèrè bóyá ẹnìkan sin ín. N kò mọ̀. Ó bínú sí mi nítorí ìyẹn ju nítorí ìkòkò lọ. Ó gbé ìgò náà, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní òun máa jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, eegun rẹ̀ kò ṣẹ́ mọ́.

Ẹ dúró, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà gan-an ni n kò ti jẹ́ kó gbé nǹkan kan mọ́. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń gúnyán, èmi ni mò ń ṣẹ́gi. Bó bá fẹ́ dìde lórí ẹní, mo ti na ọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́nà odò, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ṣé oògùn ló di eegun rẹ̀ mú, àbí nítorí pé n kò jẹ́ kí nǹkan kan wúwo lé e? Ọ̀jẹ́lékè ní kí n dá ọ̀kan dúró ká lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó dá ẹnu rẹ̀ dúró ná. Èwo ni kí n dá dúró níbẹ̀? Bí mo bá dá oògùn dúró tí ìhà rẹ̀ tún sán ńkọ́? Bí mo bá ká ọwọ́ mi kò tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tún ṣẹ́ ńkọ́? N kò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rò ó títí, kò lójútùú.

Láàárọ̀ yìí ni Àrìnpé bá yanjú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti mú àdá, mo fẹ́ lọ ṣẹ́gi, ó gba àdá lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Baba Níyì, ẹ kò jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ara mi ti yá. Oògùn, n óò máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n igi ìdáná mi, èmi ni n óò ṣẹ́ ẹ lónìí, èmi náà ni n óò sì rù ú wálé. Bí eegun mi bá ṣẹ́, a óò mọ̀ pé ọwọ́ yín ló ń gbé mi ró. Bí kò bá ṣẹ́, a ò tíì ní mọ̀ pé oògùn ni, ṣùgbọ́n mo ti ru igi mi.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pé kò ní kọjá. Ó ní kí n kúrò lọ́nà, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ti pinnu tán. Mo kúrò lọ́nà.

Ìdí tí mo fi pè yín jọ síwájú ilé mi nìyẹn. Bí mo bá dá jókòó, ṣe ni n óò sáré tẹ̀lé e. Mo ní kí n máa sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, kí ẹsẹ̀ mi lè dúró sójú kan. Oòrùn ti ga. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti dé tipẹ́.

Ẹ wo ọ̀nà. Òun ló ń bọ̀ yẹn, igi wà lórí rẹ̀. Ó kó púpọ̀, kò yẹ kó kó tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó rọra ń rìn. Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sí i ni, àbí ó nà? N kò mọ̀, ẹ bá mi wò ó, omi wà lójú mi. Ìwọ tó ń dìde yẹn, jókòó. Mo mọ̀ pé a kì í jókòó ká máa wo àgbàlagbà tó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ bá a sọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ̀ ọ́. Kí méjì nínú yín wá di èmi náà mú.